Àtìpó Nínú Ilé Bàbá Ẹni: Ìdáhùn sí Ìyá Tó Bèèrè Nípa Àwo Los Illegals

Ìyá kan tó ń gbé ní Inglewood, ní Kalifọ́níà, ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejìlélógún mi rèé ní Amẹ́ríkà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ra àwo àtijọ́ kan wálé. Internal Exile ni wọ́n kọ sí i lára, ọdún 1983 ló sì jáde. Látìgbà náà ni etí wa ò ti sinmi. Gìtá ń han, ìlù ń sáré, èdè Sípéènì lọ́tùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì lósì. Mo lè fara da ariwo. Ohun tí mi ò lè fara dà ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, Los Illegals, ìyẹn àwọn tó ń gbé ìlú láìníwèé. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi wá páálí, ìwé ìgbélùú, nílùú yìí, ojú mi sì rí tó. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá pe ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ mi, bí ẹni ti ọ̀bẹ bọ̀ mí nínú ni. Kí ló lè mú kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi sọ ara rẹ̀? Ta ni wọ́n gan-an, ọmọ Mẹ́síkò tàbí ọmọ Amẹ́ríkà? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń kọ́ ọmọ mi kó máa tàpá sófin? Ọkàn kan ní kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ má gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa gùn díẹ̀, torí ohun mẹ́ta lẹ dì pọ̀ sínú ìdì kan, bí a ò bá sì tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa lọ́ mọ́ra wọn ni. Orúkọ tó dùn yín wà níbẹ̀. Ìbéèrè pé ọmọ ibo ni wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ẹ ò dárúkọ rẹ̀ àmọ́ tí mo gbọ́ ọ nínú lẹ́tà yín, ni ọmọ yín fúnra rẹ̀: kí ló gbọ́ nínú orin àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó fi dà bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ra àwo àtijọ́ tí mo sì ń tà á ní Los Angeles. Àwo yìí ti gba ọwọ́ mi kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ irú ojú tí àwọn tó ń wá a máa ń gbé wọlé. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń wá ìjà. Ojú ẹni tó ń wá ẹ̀rí ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ọmọ ibo ni wọ́n. Àwọn márùn-ún ni: Willie Herrón ló ń kọrin tó sì ń tẹ kíbọọ̀dù, Jesus Velo ló ń ta béèsì, Manuel àti Antonio Valdez, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ló ń ta gìtá, Bill Reyes ló ń lu ìlù. Ọdún 1979 ni wọ́n kó ara wọn jọ, ní East Los Angeles, kò sì ju ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ lọ sí ilé yín. Chicano ni wọ́n. Orúkọ yìí ni àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí Amẹ́ríkà bí tàbí tó tọ́ dàgbà gbé wọ ara wọn. Ruben Salazar, akọ̀ròyìn Los Angeles Times, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ ní ọdún 1970: ọmọ Mẹ́síkò ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kì í fi dígí òyìnbó wo ara rẹ̀ ni Chicano. Ẹ fi orúkọ Salazar sọ́kàn, a máa padà bá a.

Ilẹ̀ tí ẹ kọ́lé sí ní Inglewood yẹn, ilẹ̀ Mẹ́síkò ni títí di ọdún 1848. Ogun ni Amẹ́ríkà fi gbà á. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Guadalupe Hidalgo ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún náà, nǹkan bí ìdajì gbogbo ilẹ̀ Mẹ́síkò ló bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, Kalifọ́níà wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò gbẹ́rù, wọn ò ṣí kúrò lójú kan. Wọ́n sùn ní Mẹ́síkò, wọ́n jí ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí àwọn Chicano fi máa ń sọ pé àwọn kò sọdá ààlà, ààlà ló sọdá àwọn. Ọmọ Kétu tàbí Ìmẹ̀kọ ò ní kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún òun, nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fa ìlà láàárín mọ̀lẹ́bí wọn láti ọdún 1889. Kí ó má bàa dà bí ẹni pé Mẹ́síkò ló ni ilẹ̀ náà látọ̀run wá, àwọn Tongva ló wà níbẹ̀ kí Sípéènì tó dé. Nínú àwọn 44 tí Sípéènì sì kó wá tẹ ìlú Los Angeles dó ní 1781, ó lé ní ìdajì wọn tó ní ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ lára. Mo máa ń sọ èyí fún gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó ń rìn bí ẹni pé òun ya ilé onílé.

N ò ní tàn yín jẹ o. Púpọ̀ nínú àwọn ará East Los Angeles kì í ṣe ọmọ àwọn tó wà níbẹ̀ ní 1848. Iṣẹ́ ló gbé bàbá àti ìyá wọn wá: iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ojú irin, ilé iṣẹ́ aṣọ, ilé ìdáná. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, Amẹ́ríkà a ránṣẹ́ pè wọ́n. Bí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀, wọ́n a lé wọn. Ní àwọn ọdún 1930, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n dà padà sí Mẹ́síkò, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tí Amẹ́ríkà bí, tí kò mọ Mẹ́síkò rí. Wọ́n tún ṣe é ní 1954. Ẹ wo ohun tí èyí máa ń fà nínú ilé kan ṣoṣo: ìyá kò ní páálí, àbúrò ìyá ní, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀ pátápátá. Bí ọkọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n bá sì yọ lókèèrè, àwọn tí wọ́n ń pè ní la migra, awọ ara ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò kí ọ̀rọ̀ ìwé tó dé. Ẹni tó ní ìwé sá, ẹni tí kò ní sá.

Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ tó wu ni là á jẹ́ lẹ́yìn odi. Àwọn wọ̀nyí kò sí lẹ́yìn odi, ilé ni wọ́n wà, orúkọ tí kò wù wọ́n ni ìlú sì ń pè wọ́n. Herrón, Los Angeles ni wọ́n bí i sí. Kò sí òfin kankan tó lè fi ọ̀rọ̀ yẹn kàn án. Ó mú un, ó gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù, ó gun orí pèpéle lọ pẹ̀lú rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì lè fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Èyí kì í ṣe ìyìn fún rírúfin. Ẹni tó ní ìwé ló lọ dúró ti ẹni tí kò ní, tó ní kí wọ́n pe àwọn méjèèjì pọ̀. Mo mọ̀ pé èyí kò ní kí ọgbẹ́ tiyín jinná. Ẹni tó jẹ́ orúkọ yẹn ní ọ̀ràn-an-yàn fún ọdún mọ́kànlá yàtọ̀ sí ẹni tó yàn án, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti má fẹ́ rí i lára ògiri ilé yín.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú orin kan, torí òun ni ọkàn gbogbo rẹ̀. El Lay ni wọ́n ń pè é. Àwọn fúnra wọn ti gbé e jáde lórí àwo kékeré ní 1981, kó tó wọ inú àwo ńlá. Àkọlé yẹn nìkan, ìfọ̀rọ̀dárà ni: L.A. tí gbogbo ayé ń pe ìlú náà ni wọ́n kọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Sípéènì ni, bí ìgbà tí àwọn tó ń gbálẹ̀ ìlú náà ti sọ ọ́ lórúkọ mìíràn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin dúró sí kọ̀rọ̀ títì. Kò níbi tó ń lọ. Ọkùnrin kan sún mọ́ ọn, ó bèèrè orúkọ rẹ̀. Torí pé kò gbọ́ èdè ọkùnrin náà, ọkùnrin náà mú un lọ. Ó parí. Kò jalè, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò tilẹ̀ ṣíwọ́ sókè. Ìgbà náà ni ègbè orin dé, ìbéèrè sì ni: ṣé iye tí wọ́n ń san fún wíwá sí apá ìhín rèé? A ń ṣiṣẹ́, a ń san owó orí, migra dé, ó nà wá bí ẹni máa kú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún iṣẹ́ níbẹ̀, jalar, kì í ṣe Sípéènì inú ìwé. Inú ìwé, fífà ni ó túmọ̀ sí, bí ẹni ń fa okùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ṣíṣe. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá lo ìwé atúmọ̀ èdè láti fi gbọ́ orin náà, ibẹ̀ ni yóò ti ṣìnà.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo gbé orin yìí sórí ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Baba kan wà níbẹ̀ tó wá wá àwo boléró, àwọn orin ìfẹ́ ìgbà èwe rẹ̀. Mo rí i tó dáwọ́ dúró lórí àwọn àwo tó ń ṣí wò. Pọ́ńkì, irú orin aláriwo tó ń sáré tí Los Illegals ń kọ, kì í ṣe orin rẹ̀ rárá, ojú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Síbẹ̀, ó ní kí n dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúró, ó gbọ́ ọ tán. Ó ní kọ̀rọ̀ títì yẹn, òun mọ̀ ọ́n. Ó sanwó boléró rẹ̀, ó sì lọ.

Ìbínú inú àwo náà ní orírun, ẹ ò sì lè mọ̀ ọ́n láti ara orin nìkan. Ní oṣù Kẹta ọdún 1968, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ìwé jáde kúrò ní kíláàsì ní East Los Angeles, torí pé wọ́n ń jẹ wọ́n níyà bí wọ́n bá sọ Sípéènì, ilé ìwé wọn ti ya, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì ń darí wọn sí dípò yunifásítì. Garfield, ilé ìwé tí Herrón lọ, wà lára wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1970, 20,000 sí 30,000 èèyàn wọ́de ní Whittier Boulevard lòdì sí ogun Vietnam, níbi tí àwọn ọmọ Chicano ti ń kú ju bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nílùú lọ. Tọmọdé tàgbà jókòó sórí koríko ní ọgbà Laguna, wọ́n ń gbọ́ orin, àwọn ọlọ́pàá ṣẹ́rífù sì ya wọ ibẹ̀ pẹ̀lú kóńdó àti tajútajú. Ruben Salazar, ẹni tó túmọ̀ Chicano fún wa lẹ́ẹ̀kan, wọ ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Silver Dollar láti sinmi. Ṣẹ́rífù kan yìnbọn tajútajú wọlé, ọta náà bà á lórí, ó sì kú síbẹ̀. Wọn ò gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́ fún ikú rẹ̀. Kí ẹ wá fi òpópónà márosẹ̀ kún un: láti àwọn ọdún 1940 lọ títí wọ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń la márosẹ̀ lórí márosẹ̀ gba àárín Boyle Heights àti East Los Angeles kọjá, tí wọ́n ń wó ilé onílé. Bí ẹ bá ti wa ọkọ̀ gba oríta márosẹ̀ East L.A. rí, orí àdúgbò ẹlòmíràn lẹ gbà kọjá.

Herrón fúnra rẹ̀, ayàwòrán ni kó tó di olórin, mo sì rò pé ojú ayàwòrán ló fi ń kọ orin. Ní 1972, àwọn ọmọ ìta gún àbúrò rẹ̀ lọ́bẹ nínú ọ̀nà kọ́lọ́fín kan lẹ́yìn ilé búrẹ́dì ní City Terrace. Kò wá ìbọn, kò kó ẹgbẹ́ jọ láti gbẹ̀san. Ó kó ọ̀dà lọ síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀, ó sì ya àwòrán sára ògiri ibẹ̀, bí ògiri tó là sí méjì tí àwọn èèyàn ń ti inú rẹ̀ bọ́ jáde. Mo ti dúró níwájú rẹ̀. Kò yọ àwọn gbólóhùn àti orúkọ tí àwọn ọmọ àdúgbò ti fi ọ̀dà fín sára ògiri náà kúrò. Ó yàwòrán rẹ̀ yí wọn ká, tí kíkọ wọn di ara iṣẹ́ náà. Ọdún kan náà ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ayàwòrán Asco, Harry Gamboa, Gronk àti Patssi Valdez, ṣe èyí tí mo fẹ́ràn jù. Gamboa ti bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá Los Angeles ìdí tí kò fi sí iṣẹ́ Chicano níbẹ̀. Èsì tó gbà ni pé àwọn Chicano kì í ṣe ọnà tó wọ ilé bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìta ni wọ́n ń ṣe. Lóru, àwọn ọkùnrin mẹ́ta inú wọn lọ fi ọ̀dà kọ orúkọ ara wọn sára ilé náà, bí ayàwòrán ṣe ń fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé gbogbo ilé náà ti di iṣẹ́ Chicano. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Gamboa ya fọ́tò Patssi Valdez níbi orúkọ náà. Wọ́n kun ún pa kíákíá. Ní 2011, ilé àfihàn yẹn kan náà ló ṣí àfihàn ńlá fún Asco, tí fọ́tò yẹn wà nínú rẹ̀.

Ẹ bèèrè, láàárín ìlà, ìdí tí ó fi ní láti jẹ́ ariwo. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì mú: wọ́n rò pé pọ́ńkì jẹ́ ti ọmọ òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù tó so irun bí àkùkọ, pé àwọn wọ̀nyí kàn ń farawé wọn ni. Àwọn Chicano wà nínú pọ́ńkì Los Angeles láti ìbẹ̀rẹ̀. Alice Bag, ọmọ East Los Angeles, ti ń kọrin fún ẹgbẹ́ Bags ní 1977. Ẹgbẹ́ Plugz ti Tito Larriva gbé àwo àkọ́kọ́ tiwọn, Electrify Me, jáde fúnra wọn ní 1979, wọ́n sì gbé La Bamba sínú rẹ̀, orin àwọn ará Veracruz tí Ritchie Valens ti sọ di orin gbogbo ayé ní 1958. Níbi tí orin náà ti máa ń sọ pé èmi kì í ṣe atukọ̀, ọ̀gá ọkọ̀ ni mí, Larriva yí i padà, ó ní ẹni tí kò gba ìjọba kankan ni mí. Bí ẹni mú oríkì ìdílé tó fi sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ òní ni. Pọ́ńkì kò bèèrè ilé ẹ̀kọ́ orin tàbí owó gọbọi. Gìtá àlòkù, gáráàjì, ọ̀rọ̀ tó ń gbóná lẹ́nu, ó ti tó.

Àmọ́ àwọn ilé ijó Hollywood kì í fẹ́ gba àwọn ẹgbẹ́ láti ìlà-oòrùn odò Los Angeles. Ní 1980, Herrón àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ ibi tiwọn, wọ́n pè é ní Vex, nínú gbọ̀ngàn òkè Self Help Graphics, ilé ìtẹ̀wé àwọn ayàwòrán. Ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé náà sílẹ̀ ni Sísítà Karen Boccalero, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà. Ẹ fojú inú wò ó, Sísítà ló fún pọ́ńkì nílé. Àwọn ọmọ Hollywood ló wá ń wa ọkọ̀ sọdá odò wá síbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dàrú: lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn kan nínú èrò tó wá gbọ́ orin ba ibẹ̀ jẹ́, wọ́n sì fọ́ iṣẹ́ ọnà tó wà nínú ilé. Vex ní láti kó kúrò níbẹ̀. Mo sọ èyí fún yín torí pé ìbẹ̀rù yín nípa pọ́ńkì kì í ṣe lásán. Ìwà ìbàjẹ́ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tí ẹ ń bẹ̀rù yìí gan-an ló jìyà rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ agbórinjáde A&M ni Internal Exile ti jáde ní 1983, Mick Ronson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ta gìtá fún David Bowie, ló darí bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà nínú mi: kì í ṣe àwo tí kò lábùkù. Ohùn rẹ̀ dán jù fún mi. El Lay ọdún 1981 gbẹ, ó sì le bí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n yan sórí iná. Nínú àwo ńlá, mo máa ń gbọ́ ọwọ́ ẹni tó ń gbìyànjú láti fún un ní ọbẹ̀ tí gbogbo ayé lè jẹ. Kò tà dáadáa. Ó ní Sípéènì jù fún rédíò elédè Gẹ̀ẹ́sì, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ jù fún rédíò elédè Sípéènì tó ń wá boléró. Àbùkù mìíràn: ọkùnrin márùn-ún ló ṣe é, ojú ọkùnrin ló sì fi rí àdúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ti rí fún obìnrin níbẹ̀ yóò ní láti wá Alice Bag, tàbí Teresa Covarrubias ti ẹgbẹ́ The Brat. Ṣùgbọ́n orin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní We Don't Need a Tan, àwa ò nílò kí oòrùn pa wá láwọ̀ dà. Nílùú tí òyìnbó ti ń sanwó láti sùn sínú oòrùn kí awọ rẹ̀ lè dúdú díẹ̀, tí ọlọ́pàá sì ń fi awọ dúdú díẹ̀ yẹn mú ọmọ ẹlòmíràn, àkọlé yẹn ti sọ̀rọ̀ kí gìtá tó dún.

Ó ku orúkọ àwo náà. Internal exile, ìyà ìjọba kan ni: wọ́n á mú ẹni tí wọn ò fẹ́ láàárín ìlú, wọ́n á gbé e lọ sí ìgbèríko tó jìnnà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ kan náà, wọ́n á ní kó má kúrò níbẹ̀. Los Illegals yí i po. Kò sẹ́ni tó gbé wọn lọ síbì kankan. Ilé ni wọ́n wà, ní àdúgbò tí ìyá wọn bí wọn sí, ni wọ́n ti di àtìpó. Gbélé-ṣàtìpó ni èmi ì bá pè é bí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ rẹ̀.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín. Inglewood ni wọ́n bí i sí, tàbí ó dé ibẹ̀ ní kékeré. Ó ní páálí, bóyá kò tilẹ̀ mọ ohun tó ná yín. Lójoojúmọ́, ẹnìkan ń bi í pé ibo ló ti wá gan-an. Bó bá dárúkọ Inglewood, wọ́n á tún un bi. Bó bá lọ sílé ní Nàìjíríà, wọ́n á pè é ní àkátà. Ó gbọ́ ọmọ Chicano kan tó ń pariwo pé ilé ni mo wà ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ n wà nílé, ó sì ra àwo náà. Èmi ò rí ìrúfin nínú èyí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kó mọ̀, tí àwo náà kò lè sọ fún un. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ọdún tí àwo yìí jáde gan-an, ìjọba Nàìjíríà lé àlejò tó lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń dùn yín yẹn kan náà ni ìjọba fi pè wọ́n. Gánà sì ti ṣe é fún tiwa ní 1969, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ọ̀fà tó ti ń tajà ní Kùmásì láti ìran bàbá wọn kó ẹrù tí wọ́n lè rù, tí wọ́n fi ilé sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá ti jẹ́ ẹni tí wọ́n lé, ìjọba tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wa sì ti léni rí. Bí ọmọ yín bá fẹ́ gbé orúkọ yẹn kọ́ ara ògiri, kó gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ pọ̀.

Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, mi ò sì tọ́ ọmọ tiyín fún yín. Bí ẹ bá gba àwo náà, orí fóònù ni yóò ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin á sì ti ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ láìsọ ohunkóhun, ẹ̀dùn inú yín á máa pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tó bá tan ẹ̀rọ. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màá sọ fún un pé kó má fi páálí àwo náà sójú tí mo ti ń kọjá sí ilé ìdáná, kó gbé e lọ sí yàrá rẹ̀, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún un gan-an. Lẹ́yìn náà, màá ní kó fi El Lay sí i, kó sì dín ohùn rẹ̀ kù, kó máa tú u fún mi sí Yorùbá bó ti lè mọ, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Bó bá dé ibi tí ọkùnrin yẹn ti bèèrè orúkọ ẹni tó dúró sí kọ̀rọ̀ títì, ẹ ní kó gbé abẹ́rẹ́ sókè, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ dúró sí fún un ní ọdún mọ́kànlá yẹn, àti ẹni tó bèèrè orúkọ yín.